Ọmọ ta ni Biddy Mason? Ìbéèrè yín lórí ìyá tó fẹsẹ̀ rìn dé California

Lóṣù tó kọjá mo mẹ́nu ba obìnrin dúdú kan ní Amẹ́ríkà ayé àtijọ́, Biddy Mason, ìlà méjì péré ni mo fi sọ̀rọ̀ ẹ̀, pé ẹrú ni, pé ó fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé àwọn olówó ẹ̀ láti Mississippi títí dé ìwọ̀-oòrùn, pé kóòtù ló dá a sílẹ̀, pé olówó ńlá ló sì kú. Àfi bí lẹ́tà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀ tán, ẹ má bínú, èyí tó jọra wọn ni mo kó pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Los Angeles níbí ni mo ń gbé, ojoojúmọ́ ni mò ń gba Broadway kọjá lọ síbi iṣẹ́, ògiri gígùn kan wà lẹ́yìn àwọn ilé kan níbẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ obìnrin yìí sí. Ọdún mẹ́ta rèé, mi ò dúró kà á rí àfìgbà tí mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ. Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ta ni? Ilé wo ló ti jáde? (Òǹkàwé, Los Angeles)

Àbúrò mi, o ṣeun. "Ọmọ ta ni" yẹn gan-an ló kọ́kọ́ wá sí èmi náà lọ́kàn, torí bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, àlejò ò tíì jókòó tán tá a ti ń bi í pé ọmọ ta ni, ará ibo ni, kí ni wọ́n fi ń kì wọ́n nílé ẹ̀. Ohun tó wà nínú ìwé nípa Biddy ò ju báyìí lọ: wọ́n bí i lóṣù kẹjọ ọdún 1818 ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, inú ẹrú ni wọ́n bí i sí. Ìwé ò dárúkọ ìyá ẹ̀, kò dárúkọ bàbá ẹ̀. Òun alára, orúkọ kan ṣoṣo ló ní, Bridget, òun ni wọ́n gé kúrú sí Biddy. Ìwé kì í sábà kọ orúkọ ìdílé fún ẹrú nígbà yẹn, tí wọ́n bá fẹ́ fi ìdílé pè é, ti olówó ẹ̀ ni wọ́n máa lò.

Olówó ẹ̀ tá a mọ̀ ni Robert Smith àti Rebecca ìyàwó ẹ̀, ní Mississippi. Ọwọ́ wọn ló wà tó fi bí ọmọbìnrin mẹ́ta, Ellen, Ann àti Harriet, iṣẹ́ agbẹ̀bí àti ewé àti egbò tó máa sọ ọ́ dèèyàn lẹ́yìn ọ̀la náà, ó ti mọ̀ ọ́n kó tó kúrò níbẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé ta ni bàbá àwọn ọmọ (lẹ́tà mẹ́rin ló béèrè ẹ̀!), ìwé kankan ò dárúkọ ẹnì kankan. Ẹnu àwọn èèyàn ò dákẹ́ ṣá, wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n ń fura sí, àmọ́ ìfura kọ́ la fi ń kọ ìtàn ìdílé ẹlòmíì.

Smith àti ìyàwó ẹ̀ wá gba ẹ̀sìn Mormon, ẹ̀sìn kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nígbà tó di 1848 wọ́n kó tilé tọ̀nà, ó di Utah níbi tí àwọn ẹlẹ́sìn náà ti ń tẹ̀dó. Ẹ fojú inú wò ó o, bíi 1,700 máìlì. Kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà ló ń lọ níwájú, Biddy ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn nínú eruku, òun ló ń da àwọn ẹran, òun ló ń dáná tí wọ́n bá dúró nírọ̀lẹ́, òun ló ń palẹ̀ mọ́ láàárọ̀, tí obìnrin kan bá ń rọbí lójú ọ̀nà òun náà ni wọ́n máa pè, Harriet sì rèé lẹ́nu ọmú, Ann ọmọ ọdún mẹ́rin, Ellen ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bíi oṣù méje ni wọ́n fi rìn ín. Tí àwọn ará Amẹ́ríkà bá ń ya àwòrán àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ tẹ̀dó sí ìwọ̀-oòrùn, obìnrin funfun tó dé fìlà aṣọ, tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́, ni wọ́n máa ń yà. Mi ò bá wọn jà, àwọn yẹn náà jẹ̀yà, ọ̀pọ̀ sin ọmọ sójú ọ̀nà. Ẹni tó ń gbé ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ni mi ò rí nínú àwòrán.

Ògiri tó o ń kọjá lára ẹ̀ yẹn, ọdún 1989 ni wọ́n ṣí i, Sheila Levrant de Bretteville ló ṣe é, gígùn ẹ̀ jẹ́ 81 ẹsẹ̀ bàtà. Lọ́la tó o bá ń lọ síbi iṣẹ́, jọ̀ọ́ dúró. Wàá rí àmì ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, wàá rí àpò agbẹ̀bí àti sísọ́ọ̀sì. Orí ilẹ̀ tí obìnrin yẹn fowó ara ẹ̀ rà lo dúró sí o, mò ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní kóòtù ló dá a sílẹ̀. Mo jẹ́ akọ̀wé kóòtù fún ọdún 28 kí n tó fẹ̀yìn tì, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, báwo lẹrú ṣe ń pe olówó ẹ̀ lẹ́jọ́? Ta ló sanwó lọ́yà? (Òǹkàwé, Abẹ́òkúta)

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa kí n tó dá yín lóhùn, torí apá tí mo fẹ́ràn jù nìyí.

Lọ́dún 1851 Smith tún ṣí kúrò ní Utah, ó kó gbogbo wọn lọ sí San Bernardino ní California. Ibẹ̀ ló ti ṣìṣe. California ti di ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà lóṣù kẹsàn-án 1850, òfin tí wọ́n fi dá ìpínlẹ̀ ọ̀hún sílẹ̀ sì ti sọ pé kò sí ẹrú níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ o, àmọ́ ta ló máa kà á fún Biddy? Kò mọ̀wé kà, Smith ò sì ní sọ fún un, bó ṣe di pé ó ń ṣẹrú lọ ju ọdún mẹ́rin lórí ilẹ̀ tí òfin ti ní ẹrú ò sí. Obìnrin dúdú kan tó ń jẹ́ Elizabeth Flake, tóun náà ti ṣẹrú wá sí apá ibẹ̀, wà lára àwọn tó là á lójú.

Nígbà tó di ìparí 1855, ara Smith ò balẹ̀ mọ́, ó ní Texas ló kàn. Ẹ̀yin náà mọ ìdí, Texas gba ẹrú láàyè, tí wọ́n bá ti dọ́hùn-ún, ó parí. Ibi tọ́rọ̀ ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ rèé: Ellen ti dàgbà, ọmọkùnrin kan sì ń bá a ṣọ̀rẹ́, Charles Owens, bàbá ọmọkùnrin yẹn ni Robert Owens, èèyàn dúdú tó ń ta ẹṣin ní Los Angeles, tóun náà ti jẹ́ ẹrú ní Texas rí kó tó fowó ra ara ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa fi Texas tan irú ọkùnrin yẹn. Bí wọ́n ṣe gbọ́ pé Smith ti ń kẹ́rù, wọ́n gba ọ̀dọ̀ ṣẹ́ríìfù lọ, àwọn ọkùnrin gun ẹṣin tọ̀ wọ́n lọ síbi àfonífojì kan lórí òkè Santa Monica tí Smith kó wọn pamọ́ sí, wọ́n kó obìnrin àtọmọdé lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kì í ṣe pé wọ́n dáràn o, ibẹ̀ nìkan ni ọwọ́ Smith ò ti ní tẹ̀ wọ́n.

Ẹjọ́ dé iwájú adájọ́ Benjamin Hayes lóṣù kìíní 1856. Àwọn tọ́rọ̀ kàn jẹ́ èèyàn 14, Biddy àtàwọn ọmọ ẹ̀, àti obìnrin míì tó ń jẹ́ Hannah pẹ̀lú ọmọ àti ọmọ ọmọ tiẹ̀. Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ kóòtù, ẹ gbọ́ èyí: òfin California nígbà yẹn ò jẹ́ kí èèyàn dúdú jẹ́rìí ta ko aláwọ̀ funfun. Ẹni tọ́rọ̀ dùn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀! Smith wá sọ pé ará ilé òun ni gbogbo wọn, pé wọ́n fẹ́ bá òun lọ, òun ò fipá mú ẹnì kankan. Ẹ tún bi mí léèrè lọ́yà. Lọ́yà wà o, àmọ́ wọ́n ní 100 dọ́là ni wọ́n fi pa á lẹ́nu mọ́, ló bá fẹjọ́ sílẹ̀.

Ohun tí Hayes ṣe ni pé ó pe Biddy wọ yàrá ẹ̀, kúrò ní gbangba kóòtù, ó ní kó sọ tinú ẹ̀. Biddy ní gbogbo ohun tí wọ́n bá ti ní kóun ṣe lòun ń ṣe, àmọ́ látìgbà tóun ti gbọ́ nípa Texas yìí lẹ̀rù rẹ̀ ti ń ba òun. Nígbà tó yá Smith ò wá sí kóòtù mọ́, adájọ́ sì kéde pé gbogbo èèyàn 14 náà ti dòmìnira títí láé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1857, kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà dájọ́ Dred Scott pé èèyàn dúdú ò lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè ọ̀hún, kí ẹ lè mọ bí ilẹ̀kùn tí Biddy gbà jáde ṣe tóóró tó.

Òmìnira yẹn ló fún un láyè láti ní orúkọ ìdílé. Ó ní Mason lòun ń jẹ́. Àwọn kan ní ara orúkọ Amasa Mason Lyman tó jẹ́ olórí àwọn Mormon ní San Bernardino ló ti mú un, ó ṣeé ṣe, èmi ò jiyàn. Èyí tó wù mí níbẹ̀ ni pé kò jẹ́ Smith.

Ẹ kú àtijọ́ o. Èmi ń ta ilẹ̀ ni, mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni pé 250 dọ́là ló fi ra ilẹ̀ láàárín Los Angeles. Ṣé ẹ̀bùn ni àbí ilẹ̀? (Òǹkàwé, Ìlọrin)

Lóòótọ́ ni. 1866, láàárín Spring Street àti ibi tó wá ń jẹ́ Broadway lónìí. Dókítà John Griffin ló gbà á síṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, 2.50 dọ́là lójúmọ́, torí náà owó iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ọjọ́ géérégé ni ilẹ̀ yẹn, àmọ́ ọdún mẹ́wàá ló fi tu ú jọ, ẹni tó ti tọ́mọ rí á mọ ibi tówó tó kù gbà lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ Los Angeles dẹ́rù bà yín, ìlú ọ̀hún ò tíì jẹ́ nǹkan kan nígbà yẹn, ní 1850 èèyàn 1,610 ni wọ́n kà níbẹ̀, dúdú inú wọn ò ju 12. Eruku àti ọgbà èso àjàrà ló pọ̀. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ilẹ̀ lẹ mọ̀ pé ibi eruku ni wọ́n ti ń rà á.

Kò sáré kọ́lé síbẹ̀ fúnra ẹ̀, ó ń gbé ilé àyágbé lọ. 1884 ló tó ta díẹ̀ nínú ilẹ̀ náà ní 1,500 dọ́là, ó kọ́ ilé sórí èyí tó kù, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ fún àwọn ayálégbé, òun alára lókè. Gbogbo ìwé ilẹ̀ yẹn, X ló ń fọwọ́ kọ sídìí ẹ̀, torí kò kọ́ ìwé títí ó fi kú, àmọ́ ó gbọ́ Spanish dáadáa débi tí Pío Pico, ẹni tó ṣe gómìnà kẹ́yìn nígbà tí ibẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ Mexico, fi jẹ́ ojúlùmọ̀ ẹ̀.

Ọmọ mi, mo kí ọ o. Mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi ka ìwé yín. Mo fẹ́ mọ bí àwọn ọmọ obìnrin yẹn ṣe ṣe. Ìyá tó jìyà báyẹn, ṣé ọmọ sin ín? (Ìyá àgbà kan, Iléṣà)

Ìyá mi, ẹ ṣé, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ọmọ sin ín.

Ann ni ó dùn mí, ọmọ àárín, kò ju bí ọdún kan sí méjì tí wọ́n gba òmìnira tó fi kú. Ellen àti Harriet ló kù. Ellen fẹ́ Charles Owens yẹn lọ́dún 1856 kan náà tí kóòtù dá wọn sílẹ̀, ilé Robert Owens ni wọ́n sì kọ́kọ́ gba Biddy sí nígbà tó dé Los Angeles. Ìyá mi, ẹ ò rí i pé àna ló gba ìdílé yẹn là? Ilé ẹni tó ń bọ̀ wá fẹ́ ọmọ wọn ló lọ pe ṣẹ́ríìfù.

Ellen àti Charles bí ọkùnrin méjì, Robert àti Henry. Robert yìí, Robert Curry Owens ní kíkún, ló wá di ẹni ńlá, òwò ẹṣin ló fi bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ ìyá ìyá ẹ̀, ó wá bọ́ sórí ilé àti ilẹ̀, nígbà tí ọ̀rúndún 20 fi máa bẹ̀rẹ̀ wọ́n ti ń kà á mọ́ àwọn èèyàn dúdú tó lówó jù ní Los Angeles, òun àti Booker T. Washington tó dá ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee sílẹ̀ sì mọra. Biddy ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìyá àgbà Mason làwọn aráàlú ń pè é. Tí wọ́n bá ní ó tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ tó gbà jáde nínú ìyá wọn, funfun, dúdú, àwọn ará Mexico, mo gbà, torí àwọn agbẹ̀bí ò pọ̀ níbẹ̀. Ó ń gbé oúnjẹ lọ fáwọn ẹlẹ́wọ̀n, bóyá torí òun náà ti sun inú ẹ̀wọ̀n rí. Nínú ilé ẹ̀ ni wọ́n ti dá ṣọ́ọ̀ṣì First AME (African Methodist Episcopal) sílẹ̀ ní 1872, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn èèyàn dúdú tó kọ́kọ́ wà nílùú náà, ó ṣì wà dòní. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ kan wà tí ìdílé ẹ̀ ń gbé kiri dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọmọ ọmọ, pé ọwọ́ tó bá pa dé, ohun rere ò lè wọ inú ẹ̀.

Ó kú ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1891, wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú Evergreen. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé pẹ̀lú gbogbo owó yẹn, kò sí òkúta kankan lórí sàréè ẹ̀ fún ọdún 97, àfi 1988 tí Tom Bradley tó jẹ́ máyọ̀ àtàwọn ọmọ ìjọ First AME lọ gbé e síbẹ̀. Ìyá mi, mi ò mọ bí ẹ ṣe máa gbọ́ èyí.

Ẹ̀gbọ́n, ọmọbìnrin mi fẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, dúdú bíi tiwa, ọmọ dáadáa. Ó ń dà á láàmú pé òun ò mọ orísun òun, ó ní kí n bá òun wò ó bóyá Yorùbá ni wọ́n. Ṣé Biddy yìí náà ò lè jẹ́ Yorùbá? Báwo lèèyàn ṣe ń wá irú ìdílé bẹ́ẹ̀? (Òǹkàwé, Ìjẹ̀bú-Òde)

Àǹtí mi, ẹ kú oríire àna. Ọ̀rọ̀ Biddy ni mo máa kọ́kọ́ mú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ ká gba ohun tí kò sí lọ́wọ́ wa. Kò sí ohunkóhun tó so ó mọ́ Yorùbá. Ọdún 1808 ni Amẹ́ríkà fòfin de kíkó ẹrú wọlé látòkè òkun, ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó bí i nìyẹn, àwọn ará tiwa tí wọ́n kó lọ ní rẹpẹtẹ sì jẹ́ lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ ilé ti ń tú, tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ kan, Cuba àti Brazil ni ọ̀pọ̀ wọn bá ara wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ orin Ṣàngó ní Havana àti Bahia tí ẹ ò gbọ́ ọ ní Mississippi. Mi ò ní kò sí Yorùbá kankan tó dé Amẹ́ríkà o, wọ́n wà, àmọ́ wọn ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kí àna yín má lọ sọ ara ẹ̀ ní Adéwálé kó tó wádìí.

Ní ti wíwá a, ògiri kan wà tí gbogbo wọn máa ń kọlù, 1870. Kó tó dìgbà yẹn, tí ìjọba Amẹ́ríkà bá ń kànìyàn, wọn ò kọ orúkọ ẹrú. Ní 1850 àti 1860 wọ́n ní ìwé ọ̀tọ̀ fún ẹrú, orúkọ olówó ló máa wà lókè, lábẹ́ ẹ̀ ẹ máa rí ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, dúdú tàbí ẹni tí dúdú àti funfun jọ bí, bí ẹni ń ka ewúrẹ́. 1870 ni ìkànìyàn àkọ́kọ́ tí gbogbo àwọn tó ti jẹ́ ẹrú ní orúkọ nínú ẹ̀. Torí náà ibẹ̀ ni kó sá dé, kó máa bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ara ẹ̀ lọ sẹ́yìn, bàbá, bàbá bàbá, kó má fò ìran kankan. Tó bá dé 1890 ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má bá nǹkan kan, iná ba èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé ọdún yẹn jẹ́ ní 1921, kó fò ó bọ́ sí 1880.

Tó bá wá ti 1870 kọjá, ó di pé kó máa wá orúkọ olówó nìyẹn, ó dunni àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn, ìwé ogún, ìwé títa, ìwé gbèsè, torí ẹrù ni wọ́n ka àwọn èèyàn yẹn sí, ibi tí wọ́n ń kọ ẹrù sí náà ni orúkọ wọn máa wà. Ìdílé Mason ríṣẹ́ ṣe nítorí pé Biddy ní ìwé méjì tí ọ̀pọ̀ ò ní, ìwé ẹjọ́ òmìnira àti ìwé ilẹ̀. Àwa ní oríkì, ẹnu là ń fi pa á mọ́. Tiwọn wà nínú fáìlì kóòtù, àti nínú ìwé ilẹ̀ tí obìnrin tí kò lè ka ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ fi X sí.

Àyẹ̀wò itọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ yẹn, tó bá fẹ́ ṣe é kó ṣe é, ó máa sọ fún un pé apá kan ara ẹ̀ wá láti Nigeria tàbí Benin, kò lè sọ agboolé. Èyí tí mo fẹ́ kó kọ́kọ́ ṣe ò náni lówó: ṣé ìyá ìyá ẹ̀ ṣì wà láyé? Kó pè é lọ́jọ́ Sunday yìí, kó bi í ní orúkọ gbogbo òbí tó rántí, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lọ, ìlú tí wọ́n sin wọ́n sí, kó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ìwé 1870 ò ní sá lọ, ìyá yẹn ni kó sáré bá.